Ògiri Tí Gogoro Sọ Di Àgbà

Gogoro ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà. Ẹ má rò pé ó ga o. Bó bá dúró lẹ́yìn káńtà, fìlà orí ẹ̀ nìkan lẹ ó rí. Ilé tó ń kọ́ ló ga, òun náà bá gba orúkọ ilé wọ̀, kò sì bọ́ ọ mọ́.

Ìtẹ́lẹ̀ bàtà ẹ̀ nípọn. Àga ọ́fíìsì ẹ̀ ga débi pé ó ní àtẹ̀gùn tiẹ̀. Bó bá dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, kò ní dáhùn ẹ kú àárọ̀ ẹnikẹ́ni àfi bí akọ̀wé ẹ̀ bá kọ́kọ́ kì í. Akọ̀wé á dìde, á wú kọ́: "Gogoro! A-kọ́lé-gún-sánmà-nígbọ̀nwọ́! A-fi-gíláàsì-dá-oòrùn-padà-sílé!" Lọ́jọ́ kan, akọ̀wé fi kún un pé, "Ọkùnrin kúkúrú tí òjìji ẹ̀ gùn dé ìkóríta!" Díẹ̀ ló kù kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó gbé Gogoro dé ibi tó gbé e dé, ilé bàbá ẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ilé náà wà lójú títì ńlá, ilé alájà méjì. Òfin káńsù ìlú náà ò sì le láti gbọ́. Ẹni tó bá ní ilé àtijọ́, tó bá dá ojú ilé náà sí bó ṣe wà, wọ́n á jẹ́ kó kọ́ ilé alájà mẹ́wàá sẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó bá ba ojú ilé jẹ́, iye àjà tí ilé àtijọ́ ní náà ló máa ní títí ayé.

Gogoro nìkan kọ́ ló ni ilé. Òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ni bàbá fi í sílẹ̀ fún. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n yìí. Ìdí fèrèsé òkè ni maṣíìnì ẹ̀ wà, ibẹ̀ ló ti ń ránṣọ láti ìgbà tí irun orí ẹ̀ ṣì dúdú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká kọ́ ilé tí ayé á máa wò."

"Ṣé ayé ò wo èyí ni?"

"Alájà mẹ́wàá ni mò ń sọ!"

"Ojú ilé Bàámi ńkọ́?"

"Ta ló máa fọwọ́ kàn án? Ẹ̀yìn ẹ̀ la máa kọ́ tiwa sí. Ti Bàámi á wà níwájú bí ọ̀gá, tiwa á dúró lẹ́yìn bí ọmọ ọ̀dọ̀."

Ẹ̀gbọ́n wò ó títí. "Mo gbà. Ṣùgbọ́n bí o bá fọwọ́ kan ògiri yẹn, èmi pẹ̀lú ẹ la jọ máa fà á."

Ìdí wà tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Bíríkìlà ni bàbá wọn. Ilé àwọn olówó ló ń kọ́ látàárọ̀ dọ̀sán, bó bá di ìrọ̀lẹ́ á wá kọ́ tiẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó parí ẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé ló máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri náà lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni gbá ọ̀rẹ́ léjìká, á ní, "O kú iṣẹ́." Nígbà tó darúgbó, á máa fi ìka tọ ara ògiri kiri, ó ń wá ibi tó sán kó lè rí nǹkan tún ṣe. Kò rí ọ̀kankan. Inú á bí i, á lọ jókòó. Títí bàbá fi kú, ògiri yẹn ò sán.

Ẹ̀gbọ́n ò gbàgbé. Gogoro ti gbàgbé pátápátá.

Ẹ̀gbọ́n kó maṣíìnì ẹ̀ lọ sí ilé ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan títí iṣẹ́ á fi parí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n fi tapólì bo iwájú ilé, wọ́n ní kí eruku má bàa yọ àwọn tó ń kọjá lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan, Gogoro dúró ti ògiri bàbá ẹ̀ pẹ̀lú kọngílá tó gba iṣẹ́ ilé náà ṣe, ọkùnrin kan tí kì í sọ pé rárá fún olówó. Ògiri náà nípọn débi pé ológbò lè nà gbalaja sójú fèrèsé, kí ìrù ẹ̀ má sì yọ síta.

"Kí ló ṣe nípọn tó báyìí?"

"Ọ̀gá, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ láyé ìgbà yẹn nìyẹn."

"Ó ń jẹ ilẹ̀ mi! Bí a bá gba gbogbo ibi tó dúró lé yìí, ṣọ́ọ̀bù mélòó ló máa wọ̀ ọ́?"

Kọngílá dijú, ó fi ọkàn wọ̀n ọ́n. "Tóóró-tóóró ni o. Ó máa gba mẹ́fà, bí ẹni tó fẹ́ yá a bá tínrín."

"Àwọn èèyàn tínrín pọ̀ nílùú yìí," ni Gogoro wí. "Wó o."

Bí ògiri bàbá ṣe lọ nìyẹn. Fóòmù ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀, fóòmù funfun líle tí wọ́n fi máa ń tẹ́ tẹlifíṣàn sínú páálí. Wọ́n gé e bí ògiri, wọ́n gé ojú fèrèsé sí i, wọ́n wá ta sìmẹ́ńtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e lójú. Bíríkì ògiri gidi ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ ilé ni wọ́n kó o sí, wọ́n fi ṣe pèpéle ńlá kan, kí mọ́tò Gogoro lè máa ga ju mọ́tò àwọn ayálégbé lọ. Ọkùnrin yìí ò fẹ́ kí ohunkóhun tó jẹ́ tiẹ̀ wà nílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wá wo ibi iṣẹ́ dé. Gogoro sáré pàdé ẹ̀ níwájú tapólì.

"Ká nǹkan yìí kí n rí ògiri Bàámi."

"Háà, ẹ̀gbọ́n mi! Dókítà ògiri ní kò gbọdọ̀ rí oòrùn."

"Dókítà kí ni?"

"Wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ ni. Ẹ rọra sọ̀rọ̀, ó ń sinmi."

Láyé ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ò gbọ́ ọ rí pé ògiri ń sinmi. Síbẹ̀, kò mọ ìgbà tóun náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó dáa. Bó bá jí, bá mi kí i." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ilé gogoro yọ sókè lẹ́yìn tapólì, gíláàsì láti ìsàlẹ̀ dókè. Àmọ́ nígbà tí Gogoro yọjú wo fóòmù ẹ̀, inú ẹ̀ ò dùn. Ó mọ́ jù. Ó ń dán. Ẹni tó bá rí i á rò pé àná ni wọ́n rà á.

Ló bá ránṣẹ́ pe ayàwòrán. Ayàwòrán yìí ló máa ń kun ẹ̀yìn ìtàgé fáwọn òṣèré, ọwọ́ ẹ̀ sì já fáfá. Bó bá ya odò, àwọn òṣèré á ká ṣòkòtò kí wọ́n tó gòkè.

"Sọ ọ́ di àgbà fún mi," ni Gogoro wí.

"Ṣé ẹ ní fọ́tò bó ṣe rí tẹ́lẹ̀?"

"Fọ́tò kí ni? Èmi tí wọ́n bí síbẹ̀? Ohun àtijọ́ ni! Ohun àtijọ́ a máa sán. Jẹ́ kó sán."

Ayàwòrán mú búrọ́ọ̀ṣì. Ó ya ibi tó sán kan láti abẹ́ òrùlé wá sójú fèrèsé, ó fi dúdú sínú ẹ̀, ó fi eérú sétí ẹ̀. Ó dúró, ó wò ó. "Ọ̀gá, ó tó."

"Kò tó! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé ni? Fi òmíì sí i. Jẹ́ kó gba abẹ́ fèrèsé lọ. Jẹ́ kó pín sí méjì. Ìyẹn náà, jẹ́ kó bímọ."

Nígbà tí wọ́n fi máa parí, alángbá kan sáré bọ̀, ó fojú sun ibi tó sán jù lára ògiri, ó fi gbogbo agbára wọ ibẹ̀. Gbì! Ó já bọ́ sílẹ̀, ó dìde, ó mi orí, ó tún sáré lọ. Gogoro rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní bí alángbá ò bá mọ̀ ọ́n, kí ni káńsù fẹ́ mọ̀?

Ọjọ́ ìṣílé dé. Wọ́n to àga sójú títì, wọ́n kó òdòdó sínú garawa omi. Àwọn ayálégbé ti ń kó ẹrù wọlé. Dókítà eyín kan tó tínrín dáadáa ló yá ṣọ́ọ̀bù tóóró àkọ́kọ́, èyí tó wà lẹ́yìn ògiri gan-an. Ó ti àga ìtọ́jú eyín wọlé tán kó tó rí i pé àga náà ti há sẹ́nu ọ̀nà, òun sì wà nínú. Kò bínú. Ó wọ ibọ̀wọ́, ó ń retí ẹni àkọ́kọ́ tí eyín bá ń dùn.

Alága Ìgbìmọ̀ Ilé Àtijọ́ ti káńsù ló máa fọwọ́ sí i pé ojú ilé àtijọ́ wà níbẹ̀. Bí kò bá fọwọ́ sí i, àjà mẹ́jọ máa wálẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ni, ó fẹ́ràn ohun àtijọ́ ju oúnjẹ lọ. Wọ́n ká tapólì. Alága bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

"Áà! Ẹ wo ọjọ́ orí! Ẹ wo bó ṣe sán!"

Àtẹ́wọ́ ta. Orí Gogoro wú. Wọn ò tíì bi í léèrè tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn.

"Èyí tó gba abẹ́ fèrèsé lọ yìí, ọjọ́ tí wọ́n bí mi ló sán. Igbe tí mo kọ́kọ́ ké ni."

"Háà!" ni Alága wí. "Èyí tó wà lókè yẹn ńkọ́?"

"Ìyẹn, ọjọ́ tí mo yege ìdánwò ni. Inú ilé dùn ni."

Àwọn èèyàn tún pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé kì í. Alága ṣí ìdérí bírò.

Ibi tí wọ́n dé nìyẹn tí wolé-wolé fi dé. Obìnrin ni, ó dé akoto pupa, kì í sì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀nà tí èèyàn á gbà sá jáde bí iná bá ṣẹlẹ̀ ló wá wò. Ó gbójú sókè wo ògiri. Ó fẹ̀yìn rìn títí ó fi bá ara ẹ̀ láàárín títì.

"Ta ló wà nínú ilé yìí? Kí gbogbo wọn jáde!"

"Ọ̀gá wa, kí ló dé?" ni Gogoro bi í.

"Ògiri yín sán láti òkè délẹ̀, ẹ ń bi mí kí ló dé? Ilé alájà mẹ́wàá ló so mọ́ ọn! Bí ìyẹn bá ṣubú, èyí ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀." Ó ti ń ta okùn pupa yí iwájú ilé ká. Ó fi fóònù sétí. "Ẹ gbé katapílà wá. Ká wó gbogbo ẹ̀ lónìí kó tó pààyàn."

Gogoro súnmọ́ wolé-wolé, ó tẹnu bọ ẹ̀gbẹ́ akoto. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dà ni."

"Ẹ sọ ọ́ sókè, akoto yìí ò jẹ́ kí n gbọ́ràn."

Gogoro wẹ̀yìn. Alága gbé bírò dání, ó ń wò ó. Gogoro gbé ọ̀rọ̀ ọ̀dà mì. "Mo ní... ó dá mi lójú pé kò ní wó."

"Kí ló wá fà á tó fi sán?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ bàbá kan sọ lójú gbogbo ayé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní: "Bàbá mi ni. Bíríkìlà ni o, ṣùgbọ́n ahun ni. Sìmẹ́ńtì tó yẹ kó pò mọ́ iyanrìn, ó ń fi pamọ́. Ìta ló sán, kò dénú."

Àwọn èèyàn mirí. Ẹnì kan ní, "Bíríkìlà burúkú." Òmíràn ní, "Àwọn náà ló ń kọ́lé pààyàn."

Àárín èrò ni ẹ̀gbọ́n dúró sí, pẹ̀lú aṣọ tó fúnra ẹ̀ rán nítorí ọjọ́ náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ká tapólì lẹnu ẹ̀ ti là sílẹ̀, kò lè pa á dé. Nígbà tó wá gbọ́ ahun, ó já sí gbangba.

"Ta ni ahun? Bàámi? Bàámi tó fi owó oúnjẹ ra sìmẹ́ńtì?" Omi ń dà lójú ẹ̀. "Ògiri yẹn ò sán rí! Mo jókòó tì í láti kékeré, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ojú mi! Ìwọ ọmọ yìí, kí lo ṣe fún ògiri Bàámi?"

Ní ìsàlẹ̀ títì, katapílà ti ń bú ramúramù bọ̀. Gogoro ṣírò ẹ̀ lọ́kàn. Bó bá dákẹ́, àjà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ. Bó bá jẹ́wọ́ fóòmù, mẹ́jọ lọ. Àfi bó bá jẹ́wọ́ ìdajì! Ojú ẹ̀ là.

"Ọ̀dà ni!" ló pariwo. "Kò sán rárá! Ògiri bàbá mi gan-an nìyí, mo kàn ní kí wọ́n kùn ún lójú kó lè níyì ni!"

Ó bọ́ kóòtù ọrùn ẹ̀, ó tì í bọ garawa òdòdó, ó gun àkàbà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ayàwòrán fi sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ògiri. Ó fọ igbe tó kọ́kọ́ ké, ó pòórá. Ó fọ ìdánwò tó yege, ìyẹn náà pòórá. Ọ̀dà dúdú ń ṣàn bọ̀ sápá ẹ̀, sáyà ẹ̀, sínú bàtà gíga ẹ̀. Ayàwòrán di orí mú láàárín èrò: "Iṣẹ́ ọwọ́ mi o! Ẹ gbà mí, iṣẹ́ ọwọ́ mi!"

Ẹ̀rín pa àwọn èèyàn. Wolé-wolé fi awò tó ń fa nǹkan súnmọ́ wo ògiri láti ibi tó dúró, ó rí i pé lóòótọ́ ni kò sán, ó gbọ́wọ́ sókè, katapílà dúró.

Alága fajú ro. "Ìwà ọmọdé ni o hù yìí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ògiri àtijọ́ náà ló wà lábẹ́ ọ̀dà, òfin ò bá ẹ wí." Ó wá ibi tó máa fọwọ́ sí.

Gogoro dúró lórí àkàbà, ó dúdú láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ti yọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, yóò jókòó sájà kẹwàá.

Kò sí ẹni tínú ẹ̀ dùn tó ẹ̀gbọ́n. "Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé ọwọ́ Bàámi ò lè kọ́ ohun tó sán!" Ó nu ojú, ó gba abẹ́ okùn pupa kọjá, ó dúró níwájú ògiri. "Bàámi, ẹ má bínú. Wọ́n fẹ́ bà yín lórúkọ jẹ́ ni." Ó wá gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè bí bàbá ṣe máa ń ṣe.

Gogoro rí ọwọ́ náà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má..."

Ẹ̀gbọ́n ti gbá a. "O kú..."

Ọwọ́ wọlé. Ó wọlé dé ìgbọ̀nwọ́. Ibi tí kíkí náà dúró sí nìyẹn.

Lẹ́yìn ògiri, dókítà eyín ṣì jókòó, ó ń retí. Ọwọ́ kan kàn yọ sí i láti ara ògiri, ó la àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó bọ ọwọ́ náà, ó mì í dáadáa. Gbogbo àwọn tó wà níta ló gbọ́ ohùn ẹ̀ láti inú ihò: "Ẹ káàbọ̀, mà. Eyín wo ló ń dùn yín?"

Ẹ̀gbọ́n fa ọwọ́ yọ. Funfun wúruwùru ló bò ó láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹnì kan nínú èrò ní, "Nǹkan tó wà nínú páálí tẹlifíṣàn mi nìyí!"

Ẹ̀gbọ́n ò pariwo. "Àbúrò mi, níbo lo gbé ògiri Bàámi sí?"

Ojú Gogoro ló tú àṣírí ẹ̀. Ojú náà sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, sórí pèpéle, gbogbo èèyàn sì yí ọrùn tẹ̀ lé e.

"Ó wà lábẹ́ mọ́tò mi," ló wí wẹ́rẹ́.

Alága dé bírò, ó kì í bọ àpò. "Alájà méjì," ló wí, ó sì dìde. Ẹ̀rín tó bú sílẹ̀ lójú títì lọ́jọ́ náà, katapílà pàápàá ò lè bú tó o.

Wọ́n tú àjà mẹ́jọ kúrò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ látòkè. Wọ́n fọ́ pèpéle. Ẹ̀gbọ́n ní òun ò gba kọngílá kankan: ẹni tó kó bíríkì lọ ni kó kó o padà. Orí ara ẹ̀ ni Gogoro fi rù ú. Ẹ̀gbọ́n jókòó sábẹ́ agbòòrùn, ó fi téèpù aránṣọ sọ́rùn, ó ń yẹ bíríkì wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń dé. "Fọ èyí sí i. Bàámi ò ní gba èyí." Àwọn tó ń kọjá á dúró wo Gogoro, wọ́n á kí i: "Alájà-Méjì, ẹ kú iṣẹ́ o!" Orúkọ tuntun náà ò bọ́ lára ẹ̀ mọ́. Akọ̀wé wá oríkì tó máa bá a mu, kò rí, ó wá ń kí i ní ẹ kú àárọ̀ bí àwọn èèyàn yòókù.

Ògiri dúró padà. Ó nípọn, ó mọ́, kò sán níbì kankan. Àwọn àlejò a máa dúró wò ó, wọ́n á ní, "Ilé tuntun yìí mà dáa o." Alájà-Méjì á la ẹnu láti sọ pé àtijọ́ ni, á rántí, á pa á dé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń jáde lọ sílé pẹ̀lú àwọn ayálégbé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ògiri, ó wo ọwọ́ ara ẹ̀, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Ògiri ò mì. Ọwọ́ ta á títí dé èjìká. "O kú iṣẹ́," ló wí, ohùn ẹ̀ ò tó nǹkan.

Lókè, maṣíìnì ìránṣọ dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n yọ orí lójú fèrèsé.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàámi máa ń gbá a."

Lójú gbogbo àwọn ayálégbé, ó tún un gbá.